Àga Tí Ìyá Kò Tíì Jókòó Lé

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kìíní

Ìyá mi,

Ẹ kú àárọ̀ o, tàbí ẹ kú alẹ́, èyí tí lẹ́tà yìí bá bá yín nínú méjèèjì. Ẹ kú ẹsẹ̀ ríro. Ẹ bá mi kí Bàbá Kékeré àti gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ara mi le. Òtútù nìkan ló ń bá mi jà, òun náà sì ti mọ̀ pé ọmọ yín ni mí, kò lè dá mi dọ̀bálẹ̀.

Ìyá, inú mi dùn gan-an nígbà tí mo gbọ́ pé ilé-ìwé tuntun yẹn ní kí ẹ ṣe irínwó àga fún àwọn kí wọ́n tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Irínwó! Láti ìgbà tí bàbá mi, Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, ti dá ṣọ́ọ̀bù yẹn sílẹ̀, ẹ ò tíì rí iṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n mo wá rò ó pé ẹ̀yin mẹ́fà péré ni: ẹ̀yin, Bàbá Kékeré tó ń jó irin, àti àwọn mẹ́rin tí wọ́n ń gé e, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń kùn ún lọ́dà. Ọwọ́ lẹ ṣì fi ń tẹ páìpù, ní ayé tí a wà yìí!

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí nìyẹn. Àjọ wa ló ń ran àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké lọ́wọ́ kí wọ́n lè di ńlá. A máa ń fún wọn ní ẹ̀rọ, a máa ń rán olùdámọ̀ràn lọ bá wọn, a sì máa ń tún wọn tò bó ṣe yẹ. Ó ń dùn mí pé mò ń mú ti ẹlòmíràn dàgbà nígbà tí ti ìyá mi ṣì ń rákòrò. Ẹ jẹ́ kí n forúkọ yín sílẹ̀. Ẹ kàn bọwọ́ lùwé ni, ìyókù dọwọ́ mi.

Ọmọ yín,
Akọ́wé


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kìíní

Akọ́wé, ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ó dáa bó o ṣe ń kọ ọ́, torí lórí fóònù, tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ wí ni nẹ́tíwọ̀kì máa ń ṣàìsàn. Lẹ́tà ò ní nẹ́tíwọ̀kì. Jókòó, kó o kà á tán.

O ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ ń rákòrò. Ẹnu rẹ yẹn náà! Ohun tó ń rákòrò yìí ló rán ẹ nílé-ìwé, òun ló ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tó gbé ẹ débi tó o ti wá ń fojú kéré ẹ̀. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ lóòótọ́. O ti pẹ́ láàárín àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ńlá, ìwọ náà ti ń hó.

Àbí o ti gbàgbé bí a ṣe ń tajà níbí ni? Àga ò lè jáde ní ṣọ́ọ̀bù yìí kí n má kọ́kọ́ jókòó lé e. Tí ọ̀dà bá ti gbẹ, wọ́n á gbé e wá síwájú mi, màá gbé gbogbo ara mi lé e, ara tí Ọlọ́run fún mi tí kò ṣahun rárá, màá mi síwá, màá mi sẹ́yìn. Tí kò bá ti sọ nǹkan kan, ó ti yege nìyẹn. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ rà kì í bi wá pé irú irin wo ni, ohun tí wọ́n máa ń bèèrè ni pé, “Ṣé Ìyá ti jókòó lé e?” Ẹ̀rọ tó o fẹ́ gbé wá yẹn, ṣé ó ní ìdí?

Ní ti irínwó àga, mo ti rò ó tán. Á parí kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé, a ó sì máa ráyè sùn lọ́sàn-án. Má kọ orúkọ mi síwèé ẹnikẹ́ni. Tó o bá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, fi ìpara ẹsẹ̀ yẹn ránṣẹ́, èyí tó ń ta bí ata.

Adúmáadán, bàbá kékeré rẹ, ní kí n kí ẹ. Ó ní kó o jẹun dáadáa, pé àwòrán tó o fi ránṣẹ́ kò dán.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kejì

Ìyá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìbínú. Ẹ bú mi, mo gbà, ẹnu mi ló fà á. Ìpara ẹsẹ̀ wà nínú páálí tó ń bọ̀, ìgò mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí mi ò fẹ́ sọ. Ní ọ́fíìsì wa, ògiri kan wà ní ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń fi àwòrán àwọn ilé iṣẹ́ tó ti dàgbà kọ́. Orúkọ òṣìṣẹ́ tó mú wọn dàgbà máa ń wà lábẹ́ ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí ti ní mẹ́ta: ẹni tó ń ṣe garawa, ẹni tó ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì, àti ọkùnrin kan tí kò ṣe nǹkan méjì ju ìdérí ìgò lọ. Èmi ò ní ẹyọ kan. Oníbàtà tí mo dá lámọ̀ràn lọ́dún tó kọjá ta ẹ̀rọ tá a fún un, ó fi ra mọ́tò, ó ti di awakọ̀. Tí mo bá ń kọjá níwájú ògiri yẹn láàárọ̀, ṣe ni mò ń dorí kodò bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì.

Ọ̀gá mi ti sọ ọ́ lójú mi pé tí ọdún yìí bá parí tí mi ò ní àwòrán kankan lára ògiri, kí n wá ibòmíràn gbà. Ìyá, mi ò níbòmíràn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Ẹ dákun, ẹ bá mi nawọ́.

Ọmọ yín,
Akọ́wé


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Akọ́wé,

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó o kọ́kọ́ sọ nìyẹn, o wá fi ìrákòrò ṣíwájú. Ìyá wo ni ọmọ ẹ̀ máa dorí kodò lójoojúmọ́ tí á ní òun ń sùn lọ́sàn-án? Mo ti bọwọ́ lùwé. Adúmáadán ní kí n rò ó wò. Mo ní mo ti rò ó, ọmọ ló wọ́n jù. Ó wo ojú mi bó ṣe máa ń wo irin tí kò tíì gbóná.

Kí wọ́n máa bọ̀. Ṣùgbọ́n irínwó àga yẹn gbọ́dọ̀ délé-ìwé lásìkò o. Orúkọ bàbá rẹ ló wà lára pátákó ìta, kì í ṣe ti ọ̀gá rẹ.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹrin

Akọ́wé, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Olùdámọ̀ràn yín ti dé. Orúkọ ẹ̀ gùn, táì ọrùn ẹ̀ sì gùn ju orúkọ lọ, Onítáì la kúkú ń pè é. Ó mọ èèyàn kí, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ọjọ́ tó dé, ó bi mí pé níbo ni mo fẹ́ kí ilé iṣẹ́ yìí wà ní ọdún mẹ́wàá sí i. Mo ní ibi tó wà yìí náà ni, ẹ̀gbẹ́ oníṣìmẹ́ńtì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìyá àwọn òṣìṣẹ́ mọ́, Alákòóso Àgbà ni mí báyìí. Ó gba akọ̀wé kan. Ó gba ẹni tí á máa ṣọ́ akọ̀wé. Ó gba ọmọbìnrin kan tó ń ya wá ní àwòrán látàárọ̀ dalẹ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: wọ́n fi pákó gé ṣọ́ọ̀bù sí méjì, wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sí apá tiwọn, ooru àti iná di tiwa. Wọ́n wá nílò àga tí wọ́n á fi jókòó. Ṣé o mọ ibi tí wọ́n ti rà á? Ní ilé ìtajà ńlá! Àga oníke tó ń yí, nínú ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àga! Mo ní kí ló dé, kí ni tiwa ṣe? Onítáì ní tiwa kò bá ọ́fíìsì mu.

Ẹ̀rọ tó ń tẹ páìpù dé lóòótọ́. Ó wà lábẹ́ tapólì. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án àfi tá a bá parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún rèé, láàárọ̀ ni, lọ́sàn-án ni. Àwòrán ń yọ lára ògiri, wọ́n ń fi igi tọ́ka sí i, irin wà nílẹ̀ ń dípẹtà. Adúmáadán gbé awò dúdú tó fi ń jórin sójú kí wọ́n má bàa mọ̀ pé ó ń sùn. Ó hanrun lọ́jọ́ kan, Onítáì rò pé ó ní ìbéèrè ni.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìjókòó. Onítáì ní èmi ni mò ń dí ọ̀nà, pé gbogbo àga ló ń kó jọ síwájú mi. Ó ní tá a bá fẹ́ dàgbà, ìjókòó mi náà gbọ́dọ̀ dàgbà. Ó wọ̀n mí! Ọmọ tí mi ò bí ló gbé ìyá rẹ sórí ìwọ̀n bí àpò ìrẹsì, ó sì kọ iye tó rí sílẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ó wá lọ gba obìnrin mẹ́ta tí wọ́n sún mọ́ mi lára sísan, ó kó wọn sí ẹ̀ka kan tó pè ní Ẹ̀ka Ìjókòó. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní àwọn ń fẹ́ àkókò ìsinmi. Ẹni tó ń jókòó látàárọ̀ ló fẹ́ sinmi! Mo ní, “Kí lẹ fẹ́ fi sinmi, ìdúró?” Wọ́n bínú, wọ́n lọ fẹjọ́ mi sun Onítáì. Òun náà wá fún wọn ní ọ̀gá tí á máa wo bí wọ́n ṣe ń jókòó.

A ti di mẹ́tàdínlógún níbí, Akọ́wé. Nígbà tá a jẹ́ mẹ́fà, à ń ṣe àga mẹ́ta lójúmọ́. Lánàá, a ṣe ẹyọ kan, àwòrán tí wọ́n yà á sì ju ogún lọ.

Ṣé ògiri yẹn ti ń rí nǹkan gbé sára báyìí? Fèsì kíákíá.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù karùn-ún

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mẹ́tàdínlógún! Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo ka ibi yẹn sétí ọ̀gá mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ títí. Láti mẹ́fà sí mẹ́tàdínlógún láàárín oṣù méjì! Oníbúrọ́ọ̀ṣì ò dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin yẹn ya yín dáadáa, kí ẹ wọ kóòtù, kí ẹ rẹ́rìn-ín kí eyín hàn. Kí ẹ̀rọ náà wà lẹ́yìn yín, kí ẹ ká tapólì kúrò lórí ẹ̀. Ìyá, ẹ má sì pè é ní Ẹ̀ka Ìjókòó mọ́ nínú lẹ́tà o. Níbí, Ẹ̀ka Àyẹ̀wò Ọjà là ń pè é.

Mò ń sáré lọ sípàdé. Ẹ kí Bàbá Kékeré.

Ọmọ yín,
Akọ́wé


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà

Akọ́wé,

Mo kọ ojú ìwé mẹ́ta sí ẹ, iye èèyàn nìkan lo rí kà níbẹ̀. Ó dáa. Mo ti rẹ́rìn-ín, eyín ti hàn, wọ́n ti ká tapólì. Nígbà tí wọ́n yà mí tán, wọ́n tún tapólì dà bò ó.

Èyí tí mo fẹ́ kó o kà rèé, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà: ADÚMÁADÁN TI LỌ.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Onítáì ka ọjọ́, ó rí i pé àga irínwó ò lè pé mọ́, torí a ti fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ jẹ oṣù mẹ́ta. Ó wá ní kí Adúmáadán máa jó oríkèé kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dípò ẹ̀ẹ̀mejì, pé ẹ̀ẹ̀kejì yẹn, fífi àkókò ṣòfò ni. Adúmáadán gbé awò padà sójú. Ó ń jó o lẹ́ẹ̀mejì lọ. Ni Onítáì bá gbé aago kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí á máa dún tó bá ti pẹ́ jù. Aago dún, Adúmáadán ń bá iṣẹ́ lọ. Aago dún títí. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó gbé aago ọ̀hún, ó jó o mọ́ ojú tábìlì irin gbágbágbá, ó gbé awò ẹ̀, ó jáde. Ó ń jó géètì fún àwọn èèyàn lábẹ́ igi lójú títì báyìí.

Èmi ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́, mo sì ń bínú. Onítáì ti gba ajórin mẹ́rin tó yára. Wọ́n yára lóòótọ́! Àga ti ń jáde wìrìwìrì, Ẹ̀ka Ìjókòó ń jókòó, ọ̀gá wọn ń wò wọ́n. Èmi wà nípàdé. Tí mo bá dìde kí n lọ jókòó lé ẹyọ kan, wọ́n á ní, “Alákòóso Àgbà, a ò tíì parí.”

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kọ̀wé sí bàbá kékeré rẹ. Ìwọ ló gbé kọ́rùn nígbà tó o wà ní kékeré, tìẹ ló máa gbọ́. Sọ fún Onítáì náà, tìẹ ni òun náà máa gbọ́. Má jẹ́ kó pẹ́.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje

Ìyá mi àtàtà,

Àwòrán yín ti wà lára ògiri! Ààrin gbùngbùn ni, ó tóbi ju ti onígarawa lọ, orúkọ mi wà lábẹ́ ẹ̀ gàdàgbà. Tí mo bá ń kọjá láàárọ̀, ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí mi. Wọ́n ti ní tó bá di oṣù kọkànlá, àpèjọ ńlá máa wà, ibẹ̀ ni wọ́n á ti fi mí ṣe olórí gbogbo àwa olùdámọ̀ràn.

Mo rí ohun tí ẹ kọ nípa Bàbá Kékeré. Màá kọ̀wé sí wọn tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀. Onítáì ní irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ nílé iṣẹ́ tó bá ń dàgbà, pé ara ò kàn tètè mọ́ àgbàlagbà ni. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Ọmọ yín,
Akọ́wé


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹsàn-án

Akọ́wé,

Mi ò kí ẹ. Ìkíni wà nílẹ̀, màá kí ẹ tí inú mi bá rọ̀.

A kó irínwó àga lọ sílé-ìwé bí wọ́n ṣe fẹ́. Ọjọ́ ìwọlé, gbogbo òbí pé, wọ́n múra, wọ́n kún gbọ̀ngán. Ìyá tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé dìde, ó kí wọn káàbọ̀, ó ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n jókòó. Èyí àkọ́kọ́ dún pàù ní ẹ̀yìn, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èkejì dún, ìkẹta dún, ló bá di bí àgbàdo tó ń ta nínú ìkòkò. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ń bá ẹ̀rín lọ sílẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kí wọ́n fara balẹ̀, òun náà rọra jókòó kí wọ́n lè fara wé òun. Akọ́wé, ẹsẹ̀ obìnrin yẹn ni gbogbo gbọ̀ngán rí kẹ́yìn lórí pèpéle.

Ọlọ́run yọ wọ́n, kò sẹ́ni tó kán léegun. Iyì nìkan ló kán, tiwa sì ni. Wọ́n dá gbogbo àga padà. Wọ́n ní kí n ṣe òmíràn kí sáà kejì tó wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á kéde mi káàkiri. Kí ni wọ́n tún fẹ́ kéde? Oníṣìmẹ́ńtì ẹ̀gbẹ́ wa rí mi lánàá, ó ní, “Ìyá, ṣé ẹ ti jókòó lé e?” ó wá bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, mi ò tíì sunkún bí mo ṣe sun ún lánàá.

Mo lọ bá Adúmáadán lábẹ́ igi tó wà. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bi í pé kí nìdí tí àga fi ń lẹ̀ nígbà tó wà níbẹ̀, tí obìnrin mẹ́ta tó tó mi lára ò sì lè rí i pé àwọn tuntun ò lẹ̀. Ṣé o mọ ohun tó sọ? Ó ní, “Ìyàwó wa, ta ló sọ fún yín pé ìjókòó yín ló ń mú àga dáa? Mo mọ̀ pé ẹ máa jókòó lé e ni. Tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bá lọ ṣubú lórí iṣẹ́ ọwọ́ mi, kí ni mo fẹ́ wí tí mo bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lọ́run? Ìdí nìyẹn tí mo fi ń jó o lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí wọ́n jó lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kan ló lè gbà, ẹnì kejì ló ń já a. Àwọn ajórin tuntun yẹn, ta ni wọ́n mọ̀ nínú àwọn obìnrin yẹn?”

Ẹnu yà mí. Torí èmi náà, Akọ́wé, kò sí àyẹ̀wò kankan tí mò ń ṣe. Ẹsẹ̀ ló ń ro mí! Àga ló sún mọ́ mi jù, mo bá ń jókòó. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ di ìdánwò, mo rí i pé ó ń tajà, mo panu mọ́. Ohun tí Onítáì yín wọ̀n, tó sọ di ẹ̀ka, tó fi ọ̀gá lé lórí, ẹsẹ̀ ríro ni.

Adúmáadán ní òun ò padà níwọ̀n ìgbà tí táì kan bá ṣì wà nínú ọgbà. Ó tún bi mí pé, “Akọ́wé ò kọ̀wé sí mi?” Mo ní lẹ́tà ń bọ̀ lọ́nà. O ti sọ mí di onírọ́.

Mo fẹ́ kó o sọ fún ọ̀gá rẹ pé kí wọ́n kó èèyàn wọn. Sọ gbogbo ẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ yìí.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá

Ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀, mo tún dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ yín dùn mí dé eegun. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó tíì jáde. Ó ku oṣù kan péré kí àpèjọ wáyé. Tí wọ́n bá ti fi mí joyè olórí tán, èmi ni màá láṣẹ, màá kó gbogbo wọn kúrò pátá. Tí mo bá sọ ọ́ báyìí, iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn. Ẹ ní sùúrù fún oṣù kan. Ọ̀gá mi tún ní kí ẹ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ kan tí màá kà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kúrú, kó sì dùn.

Ọmọ yín,
Akọ́wé


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹwàá

Ìyá, ẹ ò fèsì. Ẹ ò gbé fóònù. Ṣé ara yín le? Ẹ bú mi, ó sàn ju báyìí lọ.

Akọ́wé


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá

Ìyá mi,

Mi ò mọ̀ bóyá ẹ ṣì ń ka lẹ́tà mi. Ẹ bá mi ka èyí nìkan.

Nígbà tí ẹ ò fi lẹ́tà ìdúpẹ́ ránṣẹ́, mo kọ ọ́ fúnra mi, mo fi orúkọ yín sábẹ́ ẹ̀. Mo dìde láti kà á ní àpèjọ. Wọ́n tan àwòrán yín sára ògiri lẹ́yìn mi, ẹ tóbi ju ilé lọ, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo yíjú wò yín, mo mọ̀ pé kò sí ẹ̀rín lójú yín, eyín nìkan ni. Ojú tì mí, Ìyá. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo yọ lẹ́tà oṣù kẹsàn-án, mo kà á sétí gbogbo wọn láti “Mi ò kí ẹ” títí dé “Ìyá rẹ”. Mo ti mọ̀ pé tí mo bá parí, ilé ló kàn.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́! Obìnrin kan ń nu ojú. Ọ̀gá mi dì mọ́ mi, ó ní láti ọjọ́ tí àjọ yìí ti wà, kò sẹ́ni tó fi òótọ́ kọ́ àwọn lẹ́kọ̀ọ́ tó báyìí. Wọ́n fi mí ṣe olórí lójú ẹsẹ̀. Wọ́n wá ṣe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yín, wọ́n ní àwọn ti rí ibi tí àṣìṣe wà: Onítáì kan ṣoṣo ò tó ilé iṣẹ́ yín. Wọ́n ń rán mẹ́ta sí i, pẹ̀lú Onítáì Àgbà tí á máa darí wọn. Wọ́n tún fẹ́ gbé ẹ̀ka kan kalẹ̀ tí á máa ṣèwádìí lórí ẹsẹ̀ ríro.

Mo pariwo pé èmi ni olórí, mi ò fọwọ́ sí i. Wọ́n ní olórí kì í fọwọ́ sí nǹkan, ìgbìmọ̀ ló ń fọwọ́ sí i. Wọ́n fún mi ní yàrá tèmi, ó ní fèrèsé méjì. Mo jókòó síbẹ̀ látàárọ̀, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀.

Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí wọ́n dé. Ẹ ṣe ohun tí ẹ bá lè ṣe. Lẹ́tà tí mo kọ sí Bàbá Kékeré wà nínú àpòòwé yìí. Ó ti pẹ́, mo mọ̀.

Ọmọ yín,
Akọ́wé


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejìlá

Akọ́wé, ọmọ mi,

Mo kí ẹ o. Mo kí ẹ dáadáa, inú mi ti rọ̀. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n, jẹ́ kí n ròyìn.

Lẹ́tà rẹ ṣíwájú wọn dé. Adúmáadán ka tiẹ̀ lábẹ́ igi, ó fi ìbọ̀wọ́ ìjórin nu ojú, ó ní èéfín ni, bẹ́ẹ̀ iná ò sí níbẹ̀. Ó tẹ̀lé mi wálé. Mo sanwó fún Onítáì àti gbogbo èrò ẹ̀ka ẹ̀ka, mo ní kí wọ́n kó àga tó ń yí dání. Àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn ò fẹ́ lọ. Mo ní kí wọ́n dìde. Wọ́n ní ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gba àwọn fún. Àti àwọn àti àga la bá gbé jáde.

Ọjọ́ kejì ni Onítáì Àgbà dé pẹ̀lú àwọn mẹ́ta, àti báàgì, àti ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri. Mo wo Adúmáadán, Adúmáadán wò mí. Ó gbé awò sójú, ó lọ bá géètì, ó sì jó o pa látinú, lókè, nísàlẹ̀, láàárín. Ẹ̀ẹ̀mejì ló jó oríkèé kọ̀ọ̀kan.

Inú ibí la wà láti ọjọ́ yẹn. Oúnjẹ ń gba orí ògiri wọlé, àga ń gba orí ògiri jáde. Mọ́tò ilé-ìwé ń dúró lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń gbà á níkọ̀ọ̀kan. Ká tó gbé e sókè, mo ń jókòó lé e, ẹsẹ̀ ń ro mí, Adúmáadán ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ojú. A ti ká tapólì kúrò lórí ẹ̀rọ yẹn náà. Ó ń tẹ páìpù dáadáa. Kò gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan, bọ́tìnnì kan ló ní. A tún ń jó oríkèé àwọn tí wọ́n dá padà, ẹ̀ẹ̀mejì, kí sáà kejì tó wọlé, irínwó á pé.

Onítáì Àgbà ṣì wà níta. Ó ń ti ojú ihò géètì bi wá láràárọ̀ pé ṣé a ò fẹ́ pọ̀ sí i ni. Mo ti fún un lésì. Mo ní àwa mẹ́fà tó wà nínú ibí tó ara wa, ẹyọ ẹnì kan péré la ṣì ń fẹ́ sí i, ó sì wà nínú yàrá tó ní fèrèsé méjì.

Ìyá rẹ